Àyẹ̀wò Mẹ́ta fún Ẹ̀jẹ̀ Ẹnì Kan

Bí aboyún kan bá lọ sí ilé ìwòsàn ní Niamey, olú-ìlú Niger tí ó wà létí Odò Ọya, tí wọ́n sì gún un níka láti wá kòkòrò HIV nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìlà kékeré kan lórí ike àyẹ̀wò lè yí ayé rẹ̀ padà kí oòrùn tó wọ̀. Ọkọ lè kọ̀ ọ́. Ará ilé lè máa yẹra fún un. Báwo ni òótọ́ ìlà náà ti tó?

Àyẹ̀wò náà dára púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kì í fọwọ́ sí irú rẹ̀ bí kò bá lè mú, ó kéré tán, 99 nínú 100 ẹni tí ó ní kòkòrò náà, kí ó sì dá 98 nínú 100 ẹni tí kò ní in láre. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn méjì tí ó ṣẹ́kù yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní Niger, àgbàlagbà tí ó ní kòkòrò yìí kò tó ẹnì kan nínú 100. Kí olùkọ́ mú ẹfun, kí ó ṣe ìṣirò náà sójú pátákó. Ká ní ènìyàn 1,000 ni wọ́n yẹ̀ wò, tí 5 nínú wọn ní in. Àyẹ̀wò yóò mú àwọn 5 náà. Nínú àwọn 995 tí kò ní in, bí ó bá ń ṣi 2 mú nínú 100, yóò ṣi nǹkan bí 20 mú. Ìlà yọ fún ẹni 25, 5 péré ni ti òótọ́! Ẹ gbé àyẹ̀wò kan náà lọ sí Eswatini ní gúúsù Áfíríkà, níbi tí nǹkan bí àgbàlagbà 1 nínú 4 ti ní in: òótọ́ yóò tó nǹkan bí 250, àṣìmú kò ní ju 15 lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò wọ̀nyí kì í rí kòkòrò fúnra rẹ̀. Ọmọ ogun tí ara kó jọ láti bá a jà ni wọ́n ń wá, àìsàn mìíràn sì lè mú kí ara kó irú èyí tí ó jọ wọ́n jáde. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni Àjọ náà ṣe fi lélẹ̀ ní 2019 pé, ní gbogbo ilẹ̀, àyẹ̀wò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ó fohùn ṣọ̀kan kí a tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ní in. Orúkọ ọ̀tọ̀ lára páálí nìkan kò tó, nítorí ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí ẹnì kan ṣoṣo kọ́ lọ́rọ̀, ẹlẹ́rìí kan náà ni wọ́n: ohun tí ó tan èkínní jẹ yóò tan èkejì.

Bí àyẹ̀wò bá wá ń tako ara wọn ńkọ́? Wọn yóò ní kí aboyún náà padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 14. Ọjọ́ 14 gùn fún ẹni tí kò rí oorun sùn, ìtùnú tí a lè fún un kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n títí yóò fi padà dé, òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé ó ní in.