Ẹ Wo Ilé Náà Lóru Kí Ẹ Tó Sanwó

Nídìí ọkọ̀ tó ń lọ sí Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀ ní Mazamaza nílùú Èkó ni Ìyá Tóyìn ń tajà. Ó ti pẹ́ tó ti ń ta omi tútù àti búrẹ́dì fún àwọn arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò ré kọjá Àgbádárìgì rí. Àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń pè ní Akọ̀wé, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Grand-Popo ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ dé, òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ.

ÌYÁ TÓYÌN: Akọ̀wé ọkọ mi, ẹ kú ìrìn o! Ẹ wo bí oòrùn ti sọ yín di adúmáadán. Ẹ jókòó, ẹ mu omi. Mo ti rí ilé tí àwa náà máa dé sí nígbà ìsinmi àwọn ọmọ. Tóyìn ló fi hàn mí lórí fóònù. Téèyàn bá ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá báyìí, òkun nìyẹn! Wọ́n ní orin ń dún nísàlẹ̀ lálaalẹ́.

AKỌ̀WÉ: Ẹ ṣé, ìyàwó wa. Ọmọ mélòó lẹ fẹ́ kó lọ síbi tí orin ti ń dún lálaalẹ́?

ÌYÁ TÓYÌN: Mẹ́rin. Àti màmá wa.

AKỌ̀WÉ: Màmá tí orúnkún ń dùn? Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wo ni yàrá náà wà?

ÌYÁ TÓYÌN: Àwòrán ò fi ìyẹn hàn.

AKỌ̀WÉ: Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn! Àwòrán ni àwa ará Èkó fi ń gba ilé. Ọ̀sán gangan ni wọ́n sì máa ń ya àwòrán, nígbà tí ojú ọjọ́ mọ́, tí òkun ń dán. Ta ló ń ya òru? Òru sì lèèyàn ń gba yàrá fún. Lọ́sàn-án, ìta lẹ máa wà. Tọkọtaya kan láti Sùúrùlérè dé sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà tí a wà níbẹ̀. Abẹ́ fèrèsé wọn gan-an ni wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí. Láàárọ̀, nídìí búrẹ́dì, ìyàwó rẹ̀ sọ fún tèmi pé inú ọkọ̀ làwọn ọmọ sùn mọ́jú. Wọ́n sanwó yàrá tán, wọ́n wá lọ sùn nínú ọkọ̀.

ÌYÁ TÓYÌN: Ẹ̀yin náà ẹ ti ń dàgbà jù. Ṣebí ilé àlejò ni gbogbo Festac tí ẹ ń wò níwájú yìí? Nígbà ayẹyẹ àṣà FESTAC ní 1977, láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, àwọn onílù àti oníjó láti gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ ló sùn síbẹ̀. Ẹ sọ pé wọn ò lu ìlù? Kò séèyàn tí ìlù pa.

AKỌ̀WÉ: Ẹ bá mi sọ ọ́ dáadáa. Níbo ni wọ́n ti ṣeré? National Theatre ní Ìgànmú, pápá ìṣeré Sùúrùlérè, Tafawa Balewa Square. Ọkọ̀ ló ń kó wọn lọ, tó ń kó wọn bọ̀. Ẹ tún wo bí wọ́n ti kọ́ Festac fúnra rẹ̀: ọkọ̀ ń kọjá lórí àfẹ́ńù, ilé wà nínú kúlóòsì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń ṣeré yàtọ̀ síbi tí wọ́n ti ń sùn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìdílé fi lè máa gbé ibẹ̀ nígbà tí ìjọba pín ilé náà lẹ́yìn ayẹyẹ.

ÌYÁ TÓYÌN: Ó dáa, a gbọ́. Ṣùgbọ́n òkun lèmi ń lọ wò o. Bí mi ò bá ní rí òkun látorí ibùsùn, kí ni mo ń bá lọ sí Grand-Popo? Ṣebí n bá wọkọ̀ ojú omi ní Mile 2, kí n lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀ nínú Amuwo-Odofin wa níbí. Òkun kan náà ni.

AKỌ̀WÉ: Òkun kan náà ni, ìwà kan náà ló sì ń hù. Etí òkun lọ́hùn-ún dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ìgbì bá bì wá, tó bá ń padà, abẹ́ ló ti ń fa ẹsẹ̀ èèyàn. Àwọn apẹja tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í fi ṣeré. Tí ilẹ̀kùn yàrá yín bá wá ṣí sí orí iyanrìn, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ lọ sinmi lẹ máa di olùṣọ́ òkun láti àárọ̀ dalẹ́. "Káyọ̀dé dà? Kẹ́mi dà?" Ohun tí ẹ máa bá wá nìyẹn. Mo bá ìyàwó mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ká tó kúrò nílé, mi ò ní puró fún yín. Ó fẹ́ iwájú òkun. Mo ní rárá, ká gba ilé láàárín ìlú, ká máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí òkun nígbà tí gbogbo wa bá jọ ń lọ, ká sì jọ padà.

ÌYÁ TÓYÌN: Ó gbà?

AKỌ̀WÉ: Ó bínú. Ṣùgbọ́n ó sùn.

ÌYÁ TÓYÌN: Ẹ kú orí ire.

AKỌ̀WÉ: Òmíì tún wà ńbẹ̀. Grand-Popo tí àwọn Faransé kọ́ láyé àtijọ́, òkun ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Iyanrìn etíkun wa kì í dúró lójú kan. Ìgbì ń wọ́ ọ láti apá Tógò bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí èbúté ọkọ̀ Lómè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, òkúta tí wọ́n tò wọnú omi dá iyanrìn dúró lọ́hùn-ún. Wọ́n tún wá sé odò Mónò ní Nangbéto ní 1987, iyanrìn tí odò ń gbé wá sí òkun náà dínkù. Òkun tí kò rí iyanrìn gbé, ilẹ̀ onílẹ̀ ló máa gbé.

ÌYÁ TÓYÌN: Bíi ti Bar Beach l'Ékòó níbí nìyẹn! Ojú mi ló ṣe nígbà tí omi fi wọ títì Ahmadu Bello.

AKỌ̀WÉ: Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ ò wá rí i? Ẹni tó bá ní òun kọ́ ilé sórí etí òkun fún àlejò, owó tó máa kó kí omi tó dé ló ń wá.

ÌYÁ TÓYÌN: Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ẹ̀yin tí ẹ sùn láàárín ìlú, nínú ilé onílé, ta ló ń ṣọ́ yín? Ilé orí fóònù mi ní géètì, ó ní mẹ́gáàdì.

AKỌ̀WÉ: Sàǹgbétò ló ń ṣọ́ wa.

ÌYÁ TÓYÌN: Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ kó ọmọ bàbá wa lọ sídìí òrìṣà!

AKỌ̀WÉ: Ẹ rọra, àwọn oníbàárà ń wò wá. Ṣé ẹ ò rí i rí ní Àgbádárìgì ni? Àwọn Ẹ̀gùn ibẹ̀ ní tiwọn.

ÌYÁ TÓYÌN: Láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ni mo ti rí i. Mo sì pa fèrèsé dé.

AKỌ̀WÉ: Ẹ ò bá má pa á dé. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó o. Ẹ wo òkìtì ìko tó ga ju mí lọ, wọ́n pa á láró pupa àti àwọ̀ ewé. Ìlù dún, òkìtì dìde. Ó ń yí bí ìjì, ó ń gbá ilẹ̀, eruku ń sọ. Àwọn tó ń bá a rìn fi ọ̀pá darí rẹ̀ kó má baà kọ lu àwọn ọmọdé. Ọmọ mi kékeré dojúbolẹ̀, ó ń wá ẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú rẹ̀, kò rí ẹsẹ̀ kankan. Ó wá dúró lójijì, ìlù dákẹ́. Wọ́n gbé e, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ níwájú gbogbo wa. Ìyá Tóyìn, kò séèyàn níbẹ̀! Ìko lásán. Wọ́n dá a padà bó ti wà, wọ́n lu ìlù díẹ̀, wọ́n tún ṣí i. Ahun kékeré kan ló ń rá jáde lábẹ́ rẹ̀.

ÌYÁ TÓYÌN: Ahun báwo? Ta ló gbé e síbẹ̀?

AKỌ̀WÉ: Èmi ni kí n sọ? Awo wọn ni. Mi ò bi wọ́n, ẹni kankan ò sì sọ fún mi. Ṣùgbọ́n eré yẹn kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú, Sàǹgbétò á jáde, á máa yí ìlú ká. Olè ló ń wá. Bí aládùúgbò méjì bá ń jà, ó lè dá sí i. Ẹni tó bá jẹ̀bi, á san owó ìtanràn. Ìtàn àwọn ará Àjàṣẹ́ ni pé Te-Agbanlin tó tẹ ìlú wọn dó ló fi ìko bora nígbà tí àwọn ọ̀tá ń lé e bọ̀ láti Allada, tó sì fi ohùn rẹ̀ dẹ́rù bà wọ́n. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ṣọ́ òru. Kí ọlọ́pàá tó dé etíkun yìí rárá nìyẹn. Àwa ní Festac ń tilẹ̀kùn kúlóòsì, a ń dáwó síkúrítì lóṣooṣù, síbẹ̀ ọkàn wa kò balẹ̀ bó bá di aago kan òru.

ÌYÁ TÓYÌN: Ẹ fẹ́ ká gbé Sàǹgbétò wá sí Festac?

AKỌ̀WÉ: Ohun tí mò ń sọ ni pé àdúgbò tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ sàn fún ọmọ ju ilé tí mẹ́gáàdì kan ń tòògbé lẹ́nu géètì rẹ̀. Bí ọmọ yín bá ṣìnà láàárín ìlú, ìyá kan á fà á lọ́wọ́ wá. Bó bá ṣìnà níwájú òkun, láàárín àwọn tó ti mu ọtí sódàbì yó, ta ló máa mọ̀ ọ́n?

ÌYÁ TÓYÌN: Àwa obìnrin ń kọ́? Ṣé bí Orò ni?

AKỌ̀WÉ: Lọ́sàn-án, obìnrin àti ọmọdé ló kún iwájú. Lóru, kálukú wà nínú ilé rẹ̀. Ìyá onílé wa sọ fún wa ní ìrọ̀lẹ́ pé tí a bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ká tilẹ̀kùn, ká sùn. A tilẹ̀kùn, a sùn.

ÌYÁ TÓYÌN: Bàbá Tóyìn ò gbọdọ̀ gbọ́ o. Díákónì ni. Tó bá gbọ́ pé Sàǹgbétò ń kọjá lójú fèrèsé, owó ọkọ̀ ò ní jáde mọ́.

AKỌ̀WÉ: Èmi fúnra mi máa sọ fún un. Kò sẹ́ni tó ní kó bọ ohunkóhun.

ÌYÁ TÓYÌN: Ẹ fi bọ̀ọ̀dá yín sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ̀fọn ń kọ́?

AKỌ̀WÉ: Ó wà. Ilẹ̀ Grand-Popo tẹ́ẹ́rẹ́, òkun ní iwájú, omi Mónò ní ẹ̀yìn. Ọ̀dọ̀ òkun ní atẹ́gùn, ọ̀dọ̀ Mónò ní ẹ̀fọn. Ẹ bèèrè àwọ̀n ẹ̀fọn fún ibùsùn kọ̀ọ̀kan, bí kò bá sí, ẹ gbé tiyín láti ibí. Ẹ wo yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí síhà méjì. Ẹ ṣọ́ra fún ilé tí wọ́n bá kọ "chambre de passage" síwájú rẹ̀ lójú títì. Yàrá wákàtí díẹ̀ ni, kì í ṣe ti ẹlẹ́bí.

ÌYÁ TÓYÌN: Ẹ dákẹ́, ọmọ ń bọ̀. Oúnjẹ wọn ń kọ́?

AKỌ̀WÉ: Oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń pè ní àmìwò, pẹ̀lú adìyẹ. Màmá á fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gba ilé tó ní ìdáná, kí ẹ lè ra ẹja lọ́wọ́ àwọn tó ń fa àwọ̀n. Àwọn ọmọ mi bá wọn fa okùn láàárọ̀, wọ́n fún wọn lẹ́ja díẹ̀.

ÌYÁ TÓYÌN: Inú oṣù kìn-ín-ní ni mo fẹ́ lọ, lẹ́yìn ọdún tuntun, kí ọjà tó tún bẹ̀rẹ̀.

AKỌ̀WÉ: Ẹ má ṣe é! Inú oṣù yẹn ni ọdún ìṣẹ̀ṣe wọn. Ọlidé ìjọba ni láti 1998, láti 2024 ni ìjọba sì ti sọ ọ́ di àpéjọ ńlá ní Ouidah, Vodun Days. Ouidah á kún, èrò á ya lọ sí Kútọnù, á ya dé Grand-Popo. Iye tí wọ́n ń gbà ní yàrá kò ní jẹ́ iye tí mo san.

ÌYÁ TÓYÌN: Ouidah yẹn, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti ní òjòlá ń wọ ilé onílé?

AKỌ̀WÉ: Ibẹ̀ ni. Ilé òjòlá dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, títì ló wà láàárín wọn. Wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn òjòlá náà jáde lóru.

ÌYÁ TÓYÌN: A ò ní sùn ní Ouidah.

AKỌ̀WÉ: Ẹ lọ ní oṣù kejì. Nọ́ńbà ìyá onílé wa nìyí. Ọmọ Kétu ni, ó gbọ́ Yorùbá. Kí ẹ tó fi sẹ́fà kankan ránṣẹ́, ẹ pè é ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ ní kó gbé fóònù sí ojú fèrèsé yàrá, kí ẹ gbọ́ ohun tó ń dún níta. Ẹ bèèrè bóyá yàrá ìsàlẹ̀ wà fún màmá. Ẹ bèèrè ibi tí omi ti ń wá.

ÌYÁ TÓYÌN: Ṣé kí n ná an?

AKỌ̀WÉ: Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Mazamaza lẹ ń bi mí? Ẹ ná an dáadáa.

ÌYÁ TÓYÌN: Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ máa bọ̀ nílé lálẹ́ òní, Akọ̀wé. Mo máa se ẹ̀wà àti dòdò. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ̀rọ̀ Sàǹgbétò fún Díákónì o, èmi máa wà ní ìdáná.