Ohun tí adágún ilé Bàbá kọ́ wa ní Jọs

Àwa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí a ń ta páìpù àti ohun èlò omi ní Jọs la ní ọ̀rọ̀ yìí. Ó pẹ́ tí a ti fẹ́ sọ ọ́, ojú ló ń tì wá.

Bàbá kan wà láàárín wa níbí. Nígbà tí ọjà Tẹ́mínúsì jóná ní 2002, tí gbogbo ohun tí a ní di eérú, òun ló fún wa ní iwájú ilé rẹ̀ ká fi tún bẹ̀rẹ̀. Odidi ọdún kan, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ wá mú un lápá òsì, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kó máa rìn nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ Jọs. Omi tó bá sun ìta mọ́jú lásìkò ọyẹ́, bí omi fíríìjì ló ń rí. Ni ọmọ Bàbá bá kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kékeré sínú ilé: mítà 4 ní gígùn, mítà 3 ní ìbú, omi rẹ̀ jìn tó mítà 1.2. Ìyẹn tó lítà 14,400.

Bọ́ílà gáàsì ti wà nílé tẹ́lẹ̀, òun ló ń mú táǹkì omi balùwẹ̀ gbóná. Wọ́n ní ká so adágún mọ́ ọn. Púlọ́ńbà wa sọ fún wa pé ká ra heat exchanger, ká sì ra thermostat tí yóò máa wo omi adágún fúnra rẹ̀. A wo iye tí wọ́n ń tà á, a ní àánú owó Bàbá ń ṣe wá. A ní, "Ṣebí bọ́ílà ní thermostat tiẹ̀ lára, kí la tún ń wá?" A so páìpù tààrà, a so pọ́ǹpù mọ́ iná, a bá tiwa lọ.

Ibẹ̀ la ti ṣìnà. Thermostat ara bọ́ílà, omi inú bọ́ílà nìkan ló ń wò. A ti sètò rẹ̀ sí dígírì 65. Omi adágún ì báà gbóná kọjá bó ṣe yẹ, bọ́ílà ò mọ̀. Omi tó ń padà wá bá a ò tó 65, ó ṣáà ń dáná lọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní, Màmá ní omi tútù lòun fi ń wẹ̀ láàárọ̀, nítorí adágún ti kó gbogbo ooru lọ. Gáàsì kílò 50 kì í pẹ́ tán mọ́. A ní kò burú, yóò bára mu.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, iná ìjọba tí kì í dúró, ó dúró láti ọ̀sán mọ́jú. Pọ́ǹpù ò sinmi. Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá wọ inú omi. Apá òsì rẹ̀ kì í mọ ooru dáadáa mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́kọ́ fọwọ́ kan omi náà. Láìpẹ́, òyì kọ́ ọ. Ọmọ rẹ̀ ló fà á jáde. Nígbà tí wọ́n wọn omi, dígírì 41 ni. Ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ó padà wálé nírọ̀lẹ́.

A lọ dọ̀bálẹ̀. Bàbá wò wá títí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, owó mi lẹ ṣàánú, ẹ ò ṣàánú ara mi." Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Owó ara wa la fi tún un ṣe.

Ohun tí a ṣe nìyí. A ra heat exchanger: omi bọ́ílà ń gba inú páìpù kan, omi adágún ń gba ìta rẹ̀, ooru nìkan ló ń kọjá. Kòlórínì tí wọ́n ń dà sínú adágún ò ní lè jẹ inú bọ́ílà mọ́. A fi thermostat sójú páìpù tí omi adágún ń gbà jáde, a sètò rẹ̀ sí 32. Tó bá ti dé 32, pọ́ǹpù tó ń gbé ooru wá á dúró. A fi èkejì tì í fún ààbò: bí omi bá fi dé 35, ó gé iná, kò sì ní padà àfi tí èèyàn bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Omi balùwẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gba ooru, adágún a dúró dè é. Omi púpọ̀ kì í tètè tutù. Lálẹ́, wọ́n ń fi ọ̀rá tó nípọn bo adágún, nítorí oruku omi tó ń lọ sókè ló ń kó ooru lọ jù.

Ẹ má kánjú pẹ̀lú rẹ̀ o. Kí omi tó pọ̀ tó yẹn tó fi dígírì 1 gbóná sí i, ó ń gba ooru tó tó yúníìtì iná 17. Bọ́ílà kìlówáàtì 24 á lò tó ogójì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 18 dé 32, bíi wákàtí 10 ni, láì ka èyí tó ń ṣòfò. Ẹ tàn án láti àná.

Bàbá ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Kó tó wọ omi, ọmọ rẹ̀ á kọ́kọ́ wo ìwọ̀n ooru, á sì tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlagbà tàbí ọmọdé nílé, omi adágún ni o, omi balùwẹ̀ ni o, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá sì ní kí ẹ bá òun fo ohun ààbò nítorí owó, ẹ rántí tiwa. Ire o.