Ilé Òfìfo Kì í Dákẹ́

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni kò wù kí ó kúrò nínú ilé àyágbé? Ṣùgbọ́n kí owó tí ẹ fi oògùn ojú kó jọ tó bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ìbàdàn ní ọdún 2019, nígbà tí èmi àti baálé mi ń wá ilé rà.

Ilé kìíní dára lójú, ọ̀dà tuntun ṣì ń rùn lára ògiri. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù inú yàrá, níbi tí ọwọ́ akunlé kò dé. Mo rí ìlà ẹrẹ̀ kan lára ògiri, ó ga dé ìbàdí mi. Mo yà kí aládùúgbò kan, mo sì béèrè. Ó ní omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, èyí tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn tí ó lé ní 100 ní Ìbàdàn, wọ ilé náà. Àyà mi já. Yàrá tí mo ti fi ọkàn yàn fún àwọn ọmọ ni.

Ilé kejì ńkọ́? Alágbàtà ní ó ti ṣófo tipẹ́. Mo fi ìka tẹ férémù ilẹ̀kùn, ìka mi wọ inú rẹ̀. Ikán ti jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí mo dé yàrá ẹ̀yìn, mo bá àdògán tí eérú rẹ̀ ṣì gbóná, àti ìyá arúgbó kan lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyàwó, kí ni ẹ ń wá?"

"Ìyá, wọ́n ní wọ́n fẹ́ ta ilé yìí ni."

Ó wò mí títí. "Èmi ni àkọ́bí bàbá tí ó kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi."

Alágbàtà gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí a bá ti sanwó, ta ni ì bá lé ìyá yìí jáde bí kò ṣe èmi?

Ẹ fi sọ́kàn: ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún, ti gbogbo ọmọ rẹ̀ ni nínú àṣà wa, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí ẹnì kan bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni títà náà lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi ti àwọn ọmọ ilé ṣe, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ láti yí i padà.

Nítorí náà, ẹ má fi ilé wíwò sílẹ̀ fún ọkọ nìkan. Ẹ lọ nígbà tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ ṣí ohun gbogbo tí ó bá wà ní títì. Ẹ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yẹ ìwé ilé náà wò ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ọdún méjì ni a tún fi yá ilé gbé kí a tó rí tiwa rà. Kò dùn mí. Bí mo bá fi orí lélẹ̀ lálẹ́, oorun ni mo ń sùn.