Búrẹ́dì ẹ̀dínwó yàtọ̀ sí adìẹ ẹ̀dínwó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, orí ìlà tí wọ́n ti ń sanwó ní súpámáàkẹ́ẹ̀tì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo ní kí n yà ra mílíìkì ní Bódìjà, n'Ìbàdàn níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sírú ibẹ̀ mọ̀ pé tó bá ti ń di nǹkan bí aago méje alẹ́, wọn a kó búrẹ́dì tó kù sójú kan, wọn a lẹ ìwé pupa pélébé mọ́ ọn lára. Búrẹ́dì tí wọ́n ń tà ní ₦1,500 láàárọ̀ á di ₦1,000. Ibẹ̀ lèrò máa ń pọ̀ sí jù, ẹ ò sì lè dá wọn lẹ́bi, nítorí láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, kò sí ilé tí wọn kì í ti í ṣírò owó oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá kan wà níwájú mi, wọ́n ti mú mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan tó pọn ọmọ, tó wà lẹ́yìn mi, bá rọra sọ fún mi pé, "Àǹtí, èmi ò lè ra irú ẹ̀ fọ́mọ mi o. Ohun tí wọ́n bá dín owó ẹ̀ kù, nǹkan ń ṣe é." Àṣé màmá gbọ́. Wọ́n yíjú padà, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, owó ìfẹ̀yìntì ni mò ń jẹ. Búrẹ́dì òní ni, àárọ̀ yìí ni wọ́n ṣe é, kí ló ṣe é?" Bàbá kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n ní tíṣà làwọn káwọn tó fẹ̀yìn tì, dá sí i. Wọ́n ní nígbà táwọn wà ní kékeré, àmàlà àná làwọn ń jẹ lọ sílé ìwé, kò sẹ́ni tó ń wo ọjọ́ lára ẹ̀, àti pé àrùn kì í pa aláwọ̀ dúdú. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Lórí búrẹ́dì, màmá ló jàre. Ohun tí mo rí lábẹ́ búrẹ́dì nínú apẹ̀rẹ̀ wọn ló bà mí lẹ́rù: ọ̀rá itan adìẹ kan, ìwé pupa kan náà ló wà lára ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti búrẹ́dì kúrò ńlẹ̀ ná. Ìdí tí wọ́n fi ń dín owó rẹ̀ kù kò ju pé tuntun máa jáde láàárọ̀ ọ̀la, wọn ò sì fẹ́ kí tòní gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́. Búrẹ́dì tó gan kì í ṣe búrẹ́dì tó bàjẹ́. Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ wo inú ọ̀rá bóyá omi ti sẹ́ síbẹ̀, nítorí búrẹ́dì tí wọ́n dì nígbà tó ṣì gbóná kì í pẹ́ bu. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tó ti hu nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé, ẹ má ṣe bí ìyá ọkọ mi ti máa ń ṣe, tí wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ gé ibẹ̀ sọnù, tí wọ́n á sì jẹ ìyókù. Ohun tó hù yẹn ní gbòǹgbò tó ti rìn jìnnà nínú búrẹ́dì, ojú lásán ò rí i ni. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù. Inú fíríìjì kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ tọ́jú búrẹ́dì sí o, ibẹ̀ ló ti ń tètè gan jù. Ẹ jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, tàbí kẹ́ ẹ gé e, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dì nínú fíríìsà. Ohun tó yẹ kó máa bà wá lẹ́rù lórí búrẹ́dì ni bromate, èyí tí NAFDAC ti fòfin dè tipẹ́tipẹ́. Ìyẹn ò sì kan bóyá wọ́n dín owó rẹ̀ kù tàbí wọn ò dín in kù.

Ẹran ni ọ̀rọ̀ wà nídìí ẹ̀. Ẹnu àwọn tó ń rajà kò kò lórí ẹ̀ rárá. Àwọn kan ní ọjà làwọn ti ń ra ẹran tàwọn, nítorí ìṣojú àwọn ni wọ́n ṣe ń gé e, àárọ̀ ọjọ́ náà sì ni wọ́n pa á. Àwọn mìíràn ní eṣinṣin tó ń bà lé e lọ́jà ò jẹ́ káwọn lè gbé e mì, pé ti súpámáàkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ọ̀rá dì mọ́ tónítóní ló tẹ́ àwọn lọ́rùn. Èmi ò lè gbè sẹ́yìn àwọn ará ọjà pátápátá, nítorí ẹran tó wà lórí tábìlì alápatà láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ẹran àárọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá mímọ́ náà ò ní í sọ ohun tí ojú ẹran ti rí fún yín. Mo mọ̀, nítorí ó ti ṣe mí rí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Màámi wá bá wa ṣọdún Kérésì. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n nígbà náà, ara wọn le, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fọ aṣọ wọn. Súpámáàkẹ́ẹ̀tì kan, kì í ṣe èyí tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan, já owó itan adìẹ wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Mo ra kílò méjì. Yìnyín pupa ti dì sísàlẹ̀ ọ̀rá náà bí ẹ̀jẹ̀. Ojú mi rí i o, mi ò ní í purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n iye owó ẹ̀ ló ń dùn mọ́ mi nínú. Nígbà tí mo délé, kò síná, mo kó o sínú abọ́ nílẹ̀ ilé ìdáná, ó di àárọ̀ kí n tó sè é. Èmi nọ́ọ̀sì, tí mò ń kọ́ ẹlòmíràn!

Àwọn ọmọ jẹ ẹ́, inú run wọ́n díẹ̀, ó tán síbẹ̀. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í bì ní nǹkan bí aago méjì òru, ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀ lé e. Nígbà tílẹ̀ yóò fi mọ́, wọn ò lè dìde mọ́, ahọ́n wọn ti gbẹ, ojú wọn ti jìn wọnú, wọn ò sì tọ̀ láti òru. Wọ́n wá ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú tipẹ́ pè mí. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fa omi sí wọn lára nílé ìwòsàn. Dókítà tó tọ́jú wọn, ọmọ tó kéré sí mi dáadáa, béèrè pé, "Nọ́ọ̀sì, kí ni màmá jẹ?" Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Lẹ́yìn ọdún ni òṣìṣẹ́ súpámáàkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kan tó mọ̀ mí tó sọ fún mi pé jẹnẹrétọ̀ àwọn ló dákẹ́ fún òru kan àti ọ̀sán kan. Gbogbo ohun tó wà nínú fíríìsà yọ́, wọ́n jẹ́ kó tún dì, wọ́n wá dín owó rẹ̀ kù.

Fíríìsà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń tutù dé ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kòkòrò àìfojúrí tó wà lára ẹran kì í fi bẹ́ẹ̀ kú níbẹ̀, ṣe ló ń sùn. Tí ẹran bá ti yọ́, tó wá wà láàárín ìwọ̀n 5 sí 60, wọ́n á jí, wọ́n á máa bí sí i. Ìdí nìyí tá a fi ń sọ pé ẹran ò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta, tí ooru bá sì mú gan-an, wákàtí kan péré. Ọ̀pọ̀ ìyá á ní, "Ṣebí mo sè é kó jinná dáadáa." Òótọ́ ni pé iná ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn á ti da oró sínú ẹran kẹ́ ẹ tó gbé e kaná, irú oró bẹ́ẹ̀ sì wà tí sísè kì í mú kúrò. Ata àti káárì kò lè mú un kúrò.

Àgbàlagbà, ọmọ ọwọ́ àti aláboyún ló ń jìyà ẹ̀ jù. Béèyàn bá ti ń dàgbà, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà á máa dín kù, òùngbẹ pàápàá kì í tètè gbẹ àgbàlagbà mọ́, omi ara wọn á sì ti tán kẹ́ ẹ tó mọ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ bá mọ́ bí mo ti dúró. Ẹ po ORS, ìdì kan sínú omi mímọ́ lítà kan, ẹ máa fún wọn mu díẹ̀díẹ̀. Tí wọn ò bá tọ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn bá ń dàrú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Mo ṣì ń ra adìẹ ẹ̀dínwó o, owó oṣù mi ò yí padà. Ṣùgbọ́n mo máa ń yí ọ̀rá náà padà wò. Tí yìnyín pupa bá wà nísàlẹ̀, tàbí tí yìnyín wẹ́wẹ́ bá kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó ti yọ́ rí. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tó rọ̀, n kì í mú un. Òun ni mo máa ń mú gbẹ̀yìn kí n tó lọ sanwó, n kì í sì í gbé e yà sí ìdí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ìwọ̀n tí ìkòkò kan máa gbà ni mò ń rà, kí n lè sè é lọ́jọ́ náà, nítorí mi ò gbọ́kàn lé iná wọn.

Mo sọ èyí fún màmá lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo rọra sọ ọ́ ni, nítorí ẹ mọ bó ṣe ń rí lára àgbàlagbà tí ọmọdé bá ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ra ẹran. Mo sọ ti Màámi fún wọn pẹ̀lú. Wọ́n mú ọ̀rá adìẹ náà jáde, wọ́n yí i padà sábẹ́ iná, wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó. Pupa ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Wọ́n wá sọ fún ọmọbìnrin tó ń gbowó pé, "Ọmọ mi, bá mi mú ẹyin mẹ́fà." Tíṣà wa ò sọ nǹkan kan mọ́. Ọmọbìnrin tó pọn ọmọ kúrò lórí ìlà, ó lọ mú búrẹ́dì oníwèé pupa kan. Ẹni tó ń gbowó gba adìẹ náà lọ́wọ́ màmá, ó sì gbé e fún ọmọkùnrin kan pé kó lọ dá a padà sínú fíríìsà.