Lílọ àti Bíbọ̀ Nínú Èdè Faransé

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú yín fi kàwé. Faransé ni èmi fi kà á láti kíláàsì kìíní, ní Agbonou, ní ìlú Atakpamé ní Tógò. Ifẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, ni èdè ilé wa. Ìbátan Yorùbá ni, Ilé-Ifẹ̀ sì ni àwọn àgbà wa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun. Yorùbá àjùmọ̀lò ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín kí gbogbo wa lè jọ lóye.

Ojúko ìrìnnà ni Agbonou. Àwọn Jámánì ti la ojú irin láti Lomé dé ibẹ̀ kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ńlá tó lọ sí àríwá Tógò náà sì gba Atakpamé kọjá. Ọ̀rọ̀ lílọ àti bíbọ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ ibẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé tó wà fún un, bí aller, venir àti partir, ni kì í tẹ̀lé òfin. Àkọ́sórí ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé: je vais, tu vas, nous allons, j'irai. Wọn kì í sọ ìdí tí «vais», «allons» àti «irai» kò fi jọra rárá.

Ìdí náà kò sì fara sin. Ọ̀rọ̀ Látìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló di ẹyọ kan. «Vais» wá láti ara vadere, «irai» wá láti ara ire. Ní ti «allons», ọ̀pọ̀ onímọ̀ so ó mọ́ ambulare, ìyẹn ni rírìn. Suppletion ni a ń pè é ní kíláàsì wa. Gẹ̀ẹ́sì náà ní in: «went» tí ẹ ń lò pẹ̀lú «go», ara «wend» ni wọ́n ti yá a. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń lò nígbà gbogbo ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó wà lẹ́nu lójoojúmọ́ kì í tètè gbàgbé ìrísí rẹ̀ àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé. A máa ń sọ pé «Ó wá lánàá» àti «Yóò wá lọ́la». Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá wà lójú ọ̀nà nísinsìnyí, a kì í sọ pé «Ó ń wá»; ẹni tó gbọ́ yóò béèrè ohun tó sọnù. «Ó ń bọ̀» ni a ń sọ. «Wá!» ni a fi ń pe ènìyàn, ṣùgbọ́n «Máa bọ̀!» ni a ń wí fún ẹni tó ti ń rìn bọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló ń pín iṣẹ́ kan ṣe, gẹ́gẹ́ bí «vais» àti «allons». Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé Faransé ní gírámà, pé tiwa kò ní. Wá àti bọ̀ nìkan tó láti já irọ́ yẹn.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ être àti avoir. «Mo ti lọ», «mo ti sáré»: «ti» kan náà ni. Faransé yà wọ́n sọ́tọ̀: je suis parti, ṣùgbọ́n j'ai couru. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi máa ń sọ pé «j'ai parti». Ẹ wo «Ó sáré wọlé». Sáré sọ bí ó ṣe rìn. Wọlé sọ ibi tó dé. Courir, marcher àti voyager wà lọ́dọ̀ sáré, avoir ni wọ́n ń gbà. Entrer, sortir àti arriver wà lọ́dọ̀ wọlé, être ni tiwọn. Òfin yìí kò kárí, torí pé avoir ni traverser àti quitter ń gbà, ṣùgbọ́n ó sàn ju àkọ́sórí lásán lọ. Ọmọ tó lè pín «sáré wọlé» sí méjì ti ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, àwa náà ti fi tiwa sínú Faransé. Ẹni tó fẹ́ jáde díẹ̀ ní Atakpamé lè sọ pé «Je viens», kí ó sì kọ ẹ̀yìn sí ọ. Ará Paris yóò dúró pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, nítorí wíwá ni ó gbọ́, lílọ ni ó sì rí. Ẹ̀yin mọ̀ pé «Mò ń bọ̀» nìyẹn. Ìrísí rẹ̀ jẹ́ ti Faransé, ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ tiwa.

Àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ tó wáyé ní Tógò ní 1975 yan Ewe àti Kabiyè láti máa kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ifẹ̀ kò sí nínú wọn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó gbọ́ Ifẹ̀ kò nílò òfin tuntun kó tó fi ìlà kan pín pátákó sí méjì, kí ó kọ lọ, wá, bọ̀, sáré àti wọlé sí apá kan, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ sọ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n kó tó ṣí ìwé Faransé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀dá-èdè ló yẹ kí a kọ àwọn àpẹẹrẹ náà sílẹ̀ fún wọn.