Aládùúgbò tí A Kò Gbọ́ Èdè Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀jọ́, níbi tí yunifásítì tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1983 wà. Ilẹ̀ Àwórì náà ni Ìbà. Ìtàn Olófin àti àwo tí ó rì sínú omi, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ yìí tí kò lè pa á, nítorí náà n kò ní tún un pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìbà, tí ó kọjá Òkòkòmáíkò, tí ó sì forí lé ìwọ̀-oòrùn, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ ní Àgbádárìgì, yóò ti gbọ́ èdè mìíràn. Àwọn Ògù ni wọ́n ń sọ ọ́, àwọn tí àwa ń pè ní Ègùn. Wọ́n wà ní Ìpókíá, wọ́n sì pọ̀ ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Wọ́n wà láàárín wa níhìn-ín pẹ̀lú. Ìyá tí mo máa ń ra àgbọn lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà a máa fi Yorùbá tí ó dán mọ́rán bá mi ná ọjà, bí ó bá sì yíjú sí ọmọ rẹ̀, n kò ní gbọ́ ẹyọ kan mọ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Àjàrá ní Àgbádárìgì, ni a jọ ń gbé yàrá kan ní Ìbà. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, kíá ni yóò dìde, ó di ẹ̀yìnkùlé, ìbáà jẹ́ pé òjò ń rọ̀. Ní ọjọ́ kan mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, pé bí òun bá ti la ẹnu, àwọn ọmọ a máa pariwo pé, “Ègùn dé!” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀rẹ́, kì í ṣe ẹ̀rù mọ́, ó ti mọ́ mi lára ni.”

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni olùkọ́ wa kan ń kọ́ wa bí èdè ṣe ń kú, ó sì fi Wales ṣe àpẹẹrẹ, ilẹ̀ kékeré tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Ìláńdì Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ a máa fi igi pẹlẹbẹ kọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ èdè baba rẹ̀. Ọmọ náà yóò máa ṣọ́ ẹlòmíràn tí yóò sọ ọ́, kí ó lè gbé igi náà fún un. Ọrùn ẹni tí igi bá wà ní ìrọ̀lẹ́, òun ni yóò jẹ pàṣán. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, nítorí ta ni nínú wa tí a kò gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ rí torí pé ó sọ Yorùbá nílé ìwé? Èmi kò lè rẹ́rìn-ín púpọ̀. Nínú ọ̀ràn ti ọmọ Àjàrá, àwọn ọmọ Yorùbá ló mú igi náà lọ́wọ́.

Èdè Wales kò kú. William Morgan ti túmọ̀ Bíbélì sí i ní 1588. Wọ́n sì ní àjọ̀dún Eisteddfod, níbi tí àwọn akéwì ti ń díje, tí a ń fi àga dá ẹni tí ó bá borí lọ́lá. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1962, Saunders Lewis sọ lórí rédíò pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, èdè náà yóò parẹ́. Ọdún náà ni àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní February 1963 wọ́n dí afárá Trefechan ní ìlú Aberystwyth, akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí a máa fi èdè wọn kọ ìwé ìpẹ̀jọ́. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 2021, àwọn tí ń sọ ọ́ ní Wales tó 538,000. Kò tó ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà láàyè.

Mo gbé ọ̀rọ̀ Ògù wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa, pé kí a fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ọjọ́ tí a bá ń kí wọn káàbọ̀. Ẹnì kan dìde, ó ní, “Ẹgbẹ́ Yorùbá ni wá, kí ló kàn wá?” Ìbéèrè gidi ni. Mo ní kí ó wo òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ṣe ní 2018, tí ó sọ Yorùbá di dandan ní ilé ẹ̀kọ́. Inú mi dùn sí i, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ òun ni yóò fún mi níṣẹ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n ọmọ Ògù tí ó jókòó sí kíláàsì ní Àgbádárìgì, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ni a dì lé e lórí, kò sì sí tirẹ̀ nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ní Àjàrá kan náà ni Abúlé Èdè Faransé wà láti 1991. Àwa tí a ń kọ́ Faransé a máa lọ gbé ibẹ̀, a ó sì padà pẹ̀lú “bonjour” lẹ́nu, láìmọ bí a ti ń kí ẹni tí ó ta gàrí fún wa. N kò dá abúlé náà lẹ́bi o, iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀ ni ó ń ṣe.

Wọ́n gbà fún mi, àwọn kan tìkọ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọ̀rẹ́ mi dúró níwájú, ó ń làágùn. Ó ní “gbè” ni èdè, nítorí náà Gùngbè ni èdè àwọn. “Sìn” ni omi, “ví” ni ọmọ, “zàn” ni òru. Láti inú òru yìí ni orúkọ Zàngbétọ́ ti jáde, èyí tí a ń rí bí òkìtì ìko tí ń yí gbiri-gbiri, tí a ń pè ní eré, bẹ́ẹ̀ ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú lóru ni. Ó ní wọ́n ti tẹ Bíbélì Gùngbè láti 1923. Ó sọ pé oko àgbẹ̀ kan ni ìlú àwọn, pé Agbadagreme ni àwọn ń pè é, Yorùbá sọ ọ́ di Àgbádárìgì, òyìnbó wá sọ ọ́ di Badagry.

Níbẹ̀ ni ọmọbìnrin kan láti Ìpókíá, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, na ọwọ́ sókè. Ó ní bí ó ti pe ọ̀rọ̀ kan kọ́ ni a ń pè é lọ́dọ̀ tàwọn. Ọ̀rẹ́ mi dá a lóhùn ní Gùngbè. Òun náà fèsì. Kí a tó mọ̀, àríyànjiyàn ti gbóná, ohùn ọ̀rẹ́ mi ń dún dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, gbogbo wa sì ń wo ẹnu wọn. Kò sí ẹni tí ó pariwo Ègùn.

Àwọn méjèèjì ti gbà láti máa kọ́ ẹni tí ó bá fẹ́, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Wọn kì í gba owó. Ẹ mú ìwé àti gègé dání, kí ẹ sì má ṣe dá sí ìjà Ìpókíá àti Àjàrá, nítorí kò tíì parí.