Àmì Ta Ló Wà Lára Lẹ́tà Náà?

Ẹ̀yin ará ilé n'Íbàdàn,

Ọmọ yín tó wà ní Kalifóníà ti gbọ́ ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ nípa àpótí ímeèlì ilé ìwé ẹbí: ẹni mẹ́rin ló ń ṣí i, síbẹ̀ lẹ́tà báńkì sùn síbẹ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n dá fi kọjá, torí kálukú rò pé ẹlòmíì ti dáhùn. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ gba akọ̀wé. Kí wọ́n ṣì dúró ná.

Irú wàhálà yìí ti bá àwọn tó gbọ́n nídìí kọ̀ǹpútà ju gbogbo ilé wa lọ. Ní Palo Alto, ní Kalifóníà níbí, ímeèlì fẹ́ẹ̀ bo àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí Xerox PARC mọ́lẹ̀. Lọ́dún 1992, mẹ́rin nínú wọn, David Goldberg, David Nichols, Brian Oki àti Douglas Terry, ṣàlàyé ètò kan tí wọ́n sọ ní Tapestry. Kọ̀ǹpútà lè rí i pé ọ̀rọ̀ owó wà nínú lẹ́tà. Kò lè mọ̀ bóyá gbèsè ni tàbí ìpolówó ọjà. Èèyàn ló ń mọ ìyẹn. Nítorí náà, wọ́n jẹ́ kí ẹni tó bá ti ka lẹ́tà fi èrò rẹ̀ sí i lára, pé ó wúlò tàbí kò wúlò, kí orúkọ rẹ̀ sì hàn. Ẹni tí kò ráyè á kàn ní kí kọ̀ǹpútà kó kìkì èyí tí lágbájá yìn wá. Èsì pàápàá di ẹ̀rí: bí ẹni tó mọṣẹ́ bá jókòó dáhùn lẹ́tà kan, a jẹ́ pé ó yẹ ní kíkà. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kan máa ń yára ka ohun gbogbo, àwọn yòókù á sì máa dúró de àmì wọn.

Lọ́dún 1994, Paul Resnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT àti Yunifásítì Minnesota gbé GroupLens jáde fún àwọn tó ń ka ìròyìn lórí Usenet, pátákó ìjíròrò orí kọ̀ǹpútà. Òǹkàwé á fún ìròyìn ní máàkì láti 1 dé 5, kọ̀ǹpútà á wá wo àwọn tí máàkì wọn máa ń bára mu. Ìyẹn dára fún ogunlọ́gọ̀ tí kò mọra. Ẹni mẹ́rin tó ń gbé inú ilé kan kò nílò ìṣirò kí wọ́n tó mọ ẹni tí ojú rẹ̀ mú lórí ọ̀rọ̀ owó.

Ní ti àpótí yín, àmì ìràwọ̀ tí ẹ ń lò lórí Gmail ló dá nǹkan rú. Gbogbo ẹni tó bá ṣí àpótí náà ló ń rí i, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Màmá (kí wọ́n má bínú o) a máa fi ìràwọ̀ sí lẹ́tà òbí èyíkéyìí tó bá kí wọn dáadáa, báńkì á wá sọnù sáàárín ìkíni. Lẹ́tà tí ẹnìkan bá sì ti ṣí kì í dúdú kirikiri mọ́ lójú àwọn yòókù. Ṣíṣí lásán ni wọ́n ṣí i o, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe nǹkan kan sí i.

Nítorí náà, kí kálukú ní label, ìyẹn àmì, tó ní orúkọ àti àwọ̀ tirẹ̀. Gmail fàyè gbà á. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n tó máa ń tètè jí ni kó kọ́kọ́ ka gbogbo lẹ́tà, láìdáhùn, kó kàn yà wọ́n sọ́tọ̀. Lórí owó, àmì àbúrò tó ń ṣe ìṣirò ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, kódà bí Ẹ̀gbọ́n bá rò pé lẹ́tà náà lè dúró. Ti ìwé àti olùkọ́, Ẹ̀gbọ́n ni. Ti òbí, ta ló mọ̀ ọ́n tó Màmá? Ẹni tó bá parí ọ̀rọ̀ ni kó yọ àmì. Ojú ẹni tó ṣeé fọkàn tán náà máa ń fo nǹkan, nítorí náà kí ẹnìkan máa yẹ àwọn tí kò lámì wò lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ tún jáwọ́ nínú pásíwọọ̀dù kan ṣoṣo tí gbogbo yín mọ̀. Ẹni tó ni àpótí Gmail lè yan àwọn mìíràn tí yóò máa wọ inú rẹ̀ láti orí àpótí tiwọn. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀, kì í ṣe fóònù. Bí kò bá yé àbúrò, kó pè mí ní aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé lọ́dọ̀ yín. Ilẹ̀ á ti mọ́ dáadáa níbí.

Ọmọ yín ní Kalifóníà